Fránṣáìsì sítúdíò fọ́tò ìdílé: ẹ ṣírò ìjókòó kan kẹ́ ẹ tó san owó orúkọ

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló dá lórí òwò fọ́tò ìdílé olówó pọ́ọ́kú. Sítúdíò kan tó ti lórúkọ á ní kí ẹni tó bá lówó wá gba fránṣáìsì: kó san owó ìwọlé, kó lo orúkọ àti ìlànà àwọn, kó sì máa san ìdá kan nínú owó tó bá ń wọlé lóṣooṣù, èyí tí à ń pè ní owó orúkọ. A mú díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà. Iye owó tó wà nínú ìṣirò wa, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 14 ní gígùn. Àwọn tó fẹ́ ta fránṣáìsì fún mi wá wò ó, wọ́n ní ó ti tó. Ọmọ mi tó ń ya fọ́tò ní kò tó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ti ọmọ yín ni kí ẹ gbọ́, Ìyá wa.

Ìbú ṣọ́ọ̀bù yín ṣì ṣeé fara mọ́. Bébà ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ sítúdíò ń lò fẹ̀ tó mítà 2.72, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 9. Tí òpó tó gbé e dúró bá gba ẹsẹ̀ kan àtààbọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, 12 pé. Gígùn rẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin jìnnà sí ẹ̀yìn, kí òjìji rẹ̀ má bàa hàn lára bébà. Onífọ́tò náà nílò ẹsẹ̀ méjì tí yóò dúró sí. Nínú 14, 8 ló kù. Láti ẹsẹ̀ bàtà 8, lẹ́ńsì 50mm lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú inú rẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù 35mm) kì í rí ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 9 lọ ní ìbú. Bàbá tó wọ agbádá á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì rẹ̀. Tí ìyá bá jókòó tì í pẹ̀lú gèlè, tí wọ́n gbé ọmọ kan lé ẹsẹ̀, àyè tán.

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lo lẹ́ńsì 24mm. Á kó gbogbo wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn tó wà létí á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orúnkún ẹni tó jókòó níwájú á sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ìyá àgbà tó máa sanwó fọ́tò tó mú un sanra ju bó ṣe rí.

Fún ìdílé ẹni mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní ìlà méjì, ìbú tó yẹ kí kámẹ́rà rí tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm kan náà, onífọ́tò á fi ẹsẹ̀ bàtà 14 jìnnà sí wọn. Ẹ fi mẹ́rin ti ẹ̀yìn, mẹ́ta tí ìlà méjèèjì gbà, àti méjì ti onífọ́tò kún un, ó di 23. Bébà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 9 kò ní bo ẹ̀yìn irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ògiri fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn ní àwọ̀ eérú, ọ̀dà tí kì í dán. Àjà ilé kò gbọdọ̀ kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 10, nítorí iná á wà lókè ní nǹkan bí 8. Tí fáànù bá so kọ́ àárín yàrá, ẹ yọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù yín wúlò fún ọmọ ọwọ́, tọkọtaya, pásípọ́ọ̀tù àti ìdílé ẹni mẹ́ta. Bí ìwé àdéhùn bá ti ní ìdílé ẹni mẹ́wàá nínú ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ máa tà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí ẹ wá ibi mìíràn.

Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni wọ́n ní kí n san fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà ìdá 8 nínú 100 lóṣooṣù, pẹ̀lú ìdá 2 fún ìpolówó. Ṣé kò pọ̀ jù? — A. O., Bódìjà, Ìbàdàn

Kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá ó pọ̀, ẹ béèrè orí owó wo ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Gbogbo owó tó bá wọlé ni wọ́n sábà máa ń yọ owó orúkọ lórí rẹ̀, kì í ṣe èrè. Bí ẹ jèrè o, bí ẹ pàdánù o, tiwọn ti kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ìyànjẹ. Èrè rọrùn láti fi pamọ́ sínú ìwé, owó tó wọlé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fà ni pé ìjókòó kan, ìyẹn ìdílé kan tó wá ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò kẹ́ ẹ tó ṣírò oṣù.

Ká ní ₦10,000 ni ìdílé kan ń san. Owó orúkọ àti ìpolówó kó ₦1,000 nínú ẹ̀. Bébà, férémù kékeré àti àpò kó ₦2,500. Ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà gba ₦500. ₦6,000 ló kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ wá wo ìnáwó oṣù: ṣọ́ọ̀bù ₦100,000, òṣìṣẹ́ méjì ₦160,000, iná àti epo ₦90,000, dátà ₦20,000, àtúnṣe ₦30,000. Ìyẹn ₦400,000. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tí ẹ san fún ọdún márùn-ún jẹ́ ₦25,000 lóṣù. Bí irinṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, tí ẹ ó sì pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ₦62,500 ni lóṣù. Gbogbo rẹ̀ di ₦487,500. Ẹ fi ₦6,000 pín in, ìdílé 82 ni yóò jókòó níwájú kámẹ́rà yín lóṣù kẹ́ ẹ tó rí náírà kan tó ń jẹ́ èrè. Ẹ ò sì tíì sanwó iṣẹ́ fún ara yín.

Ṣé 82 ṣeé ṣe? Ìjókòó kan, pẹ̀lú yíyan fọ́tò àti ìmúra ẹni tó kàn, ń gba nǹkan bíi wákàtí kan. Ọjọ́ Sátidé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́sàn-án péré ni. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, márùn-ún. Sátidé mẹ́rin àti Àìkú mẹ́rin tó kún fọ́fọ́ á fún yín ní 56. 26 tó kù á wá láti ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé ìwé. Kò ju agbára lọ, àmọ́ kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tó gbọ́dọ̀ fi òjò ṣòfò.

Ẹ̀dínwó ló ń pa ẹ̀ka gan-an. Iléeṣẹ́ àgbà, ìyẹn àwọn tó ta fránṣáìsì fún yín, á gbé e sórí Instagram pé ìdajì owó ni fún oṣù yìí. Ní ₦5,000, owó orúkọ àti ìpolówó á di ₦500, ṣùgbọ́n bébà àti férémù ṣì jẹ́ ₦2,500, alátùn-únṣe ṣì ń gba ₦500. ₦1,500 ló kù. Ìdílé 325 lẹ nílò báyìí lóṣù kan. Èrò á pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú iléeṣẹ́ àgbà á dùn torí ìdá tiwọn ń wọlé, ẹ̀yin á sì máa fi owó ara yín ra bébà fún wọn. Nítorí náà, ẹ béèrè kó wà nínú ìwé: ṣé ẹ lè kọ ẹ̀dínwó tí wọ́n bá kéde? Ṣé orí iye tí oníbàárà san ni wọ́n ó ti yọ tiwọn, àbí orí iye tó wà lára pátákó? Ṣé dandan ni kí ẹ ra férémù àti bébà lọ́wọ́ wọn, kódà tó bá wọ́n ju ti ọjà lọ?

Èrò tiwa: bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń gba àyè sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn darí oníbàárà wá sọ́dọ̀ yín ní tòótọ́, ìdá 8 kò burú. Bó bá jẹ́ pátákó àti ṣẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún yín, ìdá 3 gan-an pọ̀.

Àbúrò mi ní Houston rí orúkọ sítúdíò Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ ká gbé wá sí Ìkẹjà. Kí ló yẹ ká wò? — Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi, Èkó

Òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹni tó ń ta fránṣáìsì fún olùrà ní ìwé àlàyé tí wọ́n ń pè ní FDD, ó pẹ́ tán ọjọ́ 14 ṣáájú kó tó fọwọ́ síwèé tàbí sanwó. Abala 23 ni ìwé náà ní. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tó bá wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó bá ń tà níbẹ̀ ti ní ìwé náà nílẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Abala 3 sọ ẹjọ́ tó wà lọ́rùn wọn, abala 20 sọ iye ẹ̀ka tó ṣí àti èyí tó tì, abala 21 ni ìwé ìṣirò owó wọn. Iléeṣẹ́ tó bá ń fi abala 20 pamọ́ fún yín ti dá yín lóhùn.

Nílé níbí, kò sí òfin kan tí wọ́n ṣe ní pàtó fún fránṣáìsì. Ìwé àdéhùn ni òfin yín, nítorí náà lọ́yà yín ni kó kà á, kì í ṣe tiwọn. Àdéhùn tó bá ti kan iléeṣẹ́ òkèèrè gbọ́dọ̀ dé NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Abuja, fún ìforúkọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé ẹ̀rí NOTAP, báńkì kò ní lè fi owó orúkọ ránṣẹ́ sókè òkun fún yín lọ́nà tó bófin mu.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orúkọ ìbílẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín níbí. Ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò sọ pé ẹnikẹ́ni ló ni orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí àmì òwò. Iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò ní Abuja ni ìyẹn wà, ìsọ̀rí 41 sì ni iṣẹ́ fọ́tò bọ́ sí. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lo ọdún 7, tí wọ́n bá sọ ọ́ dọ̀tun, ó ń lo 14. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń ta ohun tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, pátákó tí ẹ ti sanwó rẹ̀ fún LASAA, àjọ tó ń rí sí pátákó ìpolówó ní Èkó, á sì di igi ìdáná.

Ẹ wo ọjọ́ ìpínyà náà dáadáa. Ta ló ni nọ́ńbà WhatsApp ẹ̀ka yín tí ẹ bá kúrò? Ta ló ni ojú ìwé Instagram? Àwọn kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ọdún méjì lẹ́yìn ìpínyà, ẹ ò gbọdọ̀ ya fọ́tò ní ìlú kan náà. Fún ẹni tó jẹ́ pé kámẹ́rà ló fi ń jẹun, ìyẹn dà bí kí wọ́n gé e lọ́wọ́. Ẹ dín in kù sí àdúgbò kan, oṣù mẹ́fà.

Ẹ má sì jẹ́ kí fáìlì fọ́tò wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ àgbà nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, CPI Corp., tó ń ṣe sítúdíò olówó pọ́ọ́kú nínú àwọn ilé ìtajà Sears àti Walmart, ti gbogbo sítúdíò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pa lójijì. Àwọn oníbàárà tó ti sanwó ń wá fọ́tò wọn kiri.

Léèsì funfun ń kó wa sí wàhálà. Tí ojú bá mọ́, léèsì á funfun báláú láìsí iṣẹ́ kankan lára rẹ̀ mọ́. Tí léèsì bá hàn, ojú á ṣókùnkùn. Bàbá tó dúró lẹ́yìn sì máa ń dúdú ju àwọn tó jókòó lọ. Ìwé ìlànà tí wọ́n fún wa ní kí iná wà ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. — Onífọ́tò, Òṣogbo

Ìṣòro méjì nìyẹn, ìwé ìlànà yín ló sì fa èkejì. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún dára fún ọmọ ọwọ́ tàbí ẹnì kan. Iná a máa kú kíákíá bó ṣe ń jìnnà: ní ìlọ́po méjì ọ̀nà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ń dé. Tí iná bá wà ní ẹsẹ̀ 5 sí ìyá tó jókòó, tí bàbá wà ní ẹsẹ̀ 8, nǹkan bí ìdá 39 nínú 100 iná tí ìyá rí ni bàbá rí. Ẹ sún iná padà sí ẹsẹ̀ 10. Bàbá á wà ní 13, á sì rí nǹkan bí ìdá 59. Ẹ wá gbé e sókè tó ẹsẹ̀ 8, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ kọ orí àwọn tó wà lẹ́yìn, kó jẹ́ etí iná ló kan àwọn tó jókòó. Ìyàtọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ohun tí ẹ ó san ni agbára: láti ẹsẹ̀ 5 lọ sí 10, ẹ nílò agbára fíláàṣì ní ìlọ́po mẹ́rin. Fíláàṣì 200Ws (Ws ni ìwọ̀n agbára fíláàṣì) tí wọ́n ń kó fún ẹ̀ka tuntun nítorí owó pọ́ọ́kú á máa mí hẹlẹhẹlẹ. 400Ws ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú agboòrùn funfun ńlá tó tó sẹ̀ǹtímítà 150. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ní ti léèsì, kámẹ́rà tó wà lórí auto ló ń tàn yín jẹ. Ó rí funfun púpọ̀, ó rò pé iná ti pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú ló sì jìyà rẹ̀. Ẹ gbé e sórí M, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín tò ó: 1/125, f/8, ISO 100. Agbára fíláàṣì nìkan ni kẹ́ ẹ máa yí. Ẹ ya léèsì nìkan, ẹ fà á súnmọ́ lójú kámẹ́rà. Ibi tí ihò àti òwú rẹ̀ bá ti ń hàn yékéyéké, ẹ dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé pátákó funfun tàbí iná kejì tí kò lágbára sí ìhà tó ṣókùnkùn. Awọ dúdú ń hàn dáadáa nígbà tí iná ńlá tó rọ̀ bá ń tàn lára rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá da iná sí i lójú tààrà. Ẹ fi tíṣù nu òógùn iwájú orí ṣáájú, torí ibi tó bá ń dán ló kọ́kọ́ ń di funfun.

Ẹni tó bá ń lo f/1.8, ìyẹn ihò lẹ́ńsì tó ṣí gan-an, fún ìdílé nítorí kí ẹ̀yìn lè ṣe bàìbàì, kó mọ̀ pé ẹni tó wà ní ìlà kejì ló ń ṣe bàìbàì. Gèlè tó ga á jókòó sí ìhà tó jìnnà sí iná, kó má bàa ta òjìji sójú ẹni tó tẹ̀ lé e. Àárín ni kẹ́ ẹ mú àwọn àgbà jókòó sí kí wọ́n má bàa dá yín lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, òun nìkan, kí ebi àti oorun tó mú un.

Ẹ pa gílóòbù yàrá tí ẹ bá ń yà, kí ojú má bàa pupa rúsúrúsú ní apá kan. Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ àwọ̀ ewé nítorí pé àwọ̀ iléeṣẹ́ àgbà nìyẹn, ewé yẹn á hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbàárà. Funfun tàbí eérú ni kó jẹ́; kí wọ́n fi àwọ̀ iléeṣẹ́ kun ìta.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ ò béèrè: ẹ fi àyè sílẹ̀ létí fọ́tò. Ìrísí tí kámẹ́rà ń yà bá 8×12 mu. Tí oníbàárà bá ní 8×10 tàbí 16×20 lòun fẹ́, ínǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á kúrò lápá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dúró létí á sì pàdánù èjìká. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un yà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ń ba bébà jẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ṣé ká máa gbé gbogbo fọ́tò lọ sí láàbù ni? — Sítúdíò kan, Adó-Èkìtì

Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ dye-sub (èyí tó ń fi ooru gbé àwọ̀ láti ara ríbọ́ọ̀nù sórí bébà) bíi DNP RX1HS ń tẹ 4×6 700 tàbí 6×8 350 láti inú róòlù kan, fọ́tò á sì gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oníbàárà á mú un lọ. Ohun tó bá ju ìwọ̀n yẹn lọ ni ti láàbù.

Bébà tó ń bàjẹ́ ní ìdí méjì. Iná NẸ́PÀ tó lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lọ́wọ́ á ba bébà àti ríbọ́ọ̀nù ibẹ̀ jẹ́ pọ̀. UPS kan fún ẹ̀rọ náà nìkan ló ń wò ó sàn. Bí ó bá jẹ́ inverter, irú pure sine wave (tí iná rẹ̀ ń ṣàn geere bíi ti NẸ́PÀ) ni kí ẹ rà, nítorí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lè ba fíláàṣì jẹ́. Ti ọyẹ́, eruku ni: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba orí fọ́tò kọjá, tàbí àmì kan náà tó ń padà wá ní ibì kan náà. Ẹ nu rólà, ẹ bo ẹ̀rọ ní alẹ́, ẹ má sì gbé e sí iwájú ilẹ̀kùn. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, lẹ́ńsì ló ń hu èbu. Àpótí tó dé pa pẹ̀lú silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin), kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà láàárín 40 sí 50 nínú 100, ti tó.

Àwọn oníbàárà ní WhatsApp làwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ fọ́tò inú bébà mọ́. Iléeṣẹ́ àgbà sì ń ní kí n máa fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́ fún ìpolówó. — Ìyá Tósìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ pa fọ́tò inú bébà àti ti WhatsApp pọ̀ sí iye kan, kí owó ìjókòó má sinmi lórí bébà nìkan. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. WhatsApp máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀ kó lè kéré, kì í sì í mọ́ kedere bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, tí wọ́n bá sì lọ fi ìyẹn tẹ 16×20 níbòmíràn, orúkọ yín ló máa bàjẹ́.

Fọ́tò ọmọ ní tirẹ̀, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023 ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Kí ìfọwọ́sí náà wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, kì í ṣe ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ rìsíìtì, kí ibi tí wọ́n ti lè sọ pé rárá sì wà níbẹ̀. Bí iléeṣẹ́ àgbà bá ń yára, ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Ìyá tó bá rí ọmọ rẹ̀ lórí pátákó láìjẹ́ pé ó gbà á láyè, ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ló máa gbà wá, kì í ṣe ọ́fíìsì wọn ní Èkó.